Ó Di Ẹ̀sùn Àwọn Èèyàn Ru Dáìsì

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, kò sì fẹ́ kí n bo àbùkù òun mọ́lẹ̀. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹni tó bá ń fi làákàyè tan ara rẹ̀ jẹ lè rí ibi tí ọ̀nà náà já sí. Mo gbà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fara balẹ̀ o, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà nínú ìtàn yìí ju èje lọ dáadáa.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni láti wọn ìtẹ́lọ́rùn. Bí àwọn kan ṣe ń wọn aṣọ, tí àwọn mìíràn ń wọn ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ń wọn bí inú èèyàn ṣe dùn tó. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ńlá kan ló gbà á síṣẹ́, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: ìránṣọ, iṣẹ́ wẹ́dà, àtúnṣe fìríìjì. Yàrá ìmọ̀ràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fún ẹni tí ẹrù ọkàn rẹ̀ bá wúwo ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò sọ bóyá ẹ̀kọ́ náà àti ìmọ̀ràn náà tẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn.

Oníṣirò ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹni tútù ni, kì í pariwo, kì í sì í jẹ ọsàn kó má ka kóró inú rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láyé: àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Àbúrò yìí ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú lálùbami, ọkọ náà sì ti búra lójú ẹbí pé bí òun bá tún fojú kàn án, kò ní fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Oníṣirò ló gba yàrá fún un ní òpópónà tóóró kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òun ló sì fi í sí kíláàsì àtúnṣe fìríìjì. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ilé náà, ẹnikẹ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

"Bí mo bá ti gba ìwé ẹ̀rí mi báyìí," ni àbúrò máa ń sọ, "màá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbi tí ajá gan-an ò ti ní gbó mi bí ẹni mímọ̀."

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe kù, bùọ̀dá mi. Ẹ̀ẹ́ ti kà á."

Ìṣòro kan wà tó ń jẹ Oníṣirò lọ́kàn. Ní gbogbo sáà, bó bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa yàrá ìmọ̀ràn, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fún un: "Ó dára gan-an, sà." Wọn kì í wo ojú rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Bó bá sì kọjá nídìí ẹ̀rọ omi tí àwọn obìnrin máa ń kóra jọ sí, ọ̀rọ̀ wọn á gé bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò.

Ó mọ ìdí rẹ̀. Obìnrin tó wà nínú yàrá ìmọ̀ràn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìmọ̀ràn, lẹ́nu dáadáa lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí, olúwarẹ̀ á kàn mú irinṣẹ́ dání lásán ni. Ta ni yóò wá fi ẹnu ara rẹ̀ kọ?

Ó ronú ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ ìwádìí, ó kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn, ó sì gbé dáìsì kan sókè, irú èyí tí a fi ń ta lúdò.

"Ẹ ó máa wọlé sẹ́yìn kọ́tìnnì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan," ló wí. "Ẹ ó rí ife, dáìsì, àti bọ́tìnnì oríṣi méjì, funfun àti dúdú. Ẹ da dáìsì náà, kí ẹ wò ó. Bó bá gbé oókan, ẹ ju bọ́tìnnì dúdú sínú àpótí, kódà bí ìmọ̀ràn náà bá dùn mọ́ yín ju oyin lọ. Bó bá gbé nọ́ńbà mìíràn, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Funfun bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, dúdú bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn."

Wẹ́dà kan tí wọ́n ń pè ní Alásọjù nawọ́. "Ọ̀gá, ṣé a fẹ́ máa ta lúdò ká tó gbàwé ẹ̀rí ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n bá ká bọ́tìnnì dúdú mọ́ ọ lọ́wọ́," Oníṣirò bi í, "kí lo máa wí?"

Alásọjù rò ó wò. "Màá ní dáìsì ló ní kí n jù ú."

"Ta ló lè sọ pé irọ́ lo pa?"

"Kò sí."

"Èmi gan-an kò lè mọ̀. Àmọ́ bí èèyàn mẹ́fà bá da dáìsì, ó máa ń tó ẹnì kan tó máa gbé oókan fún. Mo mọ ìpín dáìsì. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, èyí tó kù, tiyín ni. Mi ò ní mọ ẹni tó sọ ọ́. Màá kàn mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ ni."

Ẹ̀rín tán. Obìnrin aránṣọ kan dìde lẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ṣé ẹ lè búra pé ohun tá a bá sọ níbẹ̀ máa dé ibi tó yẹ kó dé?"

"Mo búra," ni Oníṣirò wí.

Ó rí àbúrò rẹ̀ ní ìlà kejì. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí ó da àpótí sórí tábìlì, ó rò pé bọ́tìnnì dúdú kò ní pọ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

Àádọ́rùn-ún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bọ́tìnnì dúdú jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìpín dáìsì níbẹ̀ kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Méjìdínlógún ló ṣẹ́ kù, ọkàn èèyàn ló sì ti wá. Nínú àwọn tó sọ òótọ́ inú wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tí nǹkan kan ń ṣe nínú yàrá ìmọ̀ràn, tí kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀. Òtútù tó mú un kì í ṣe ti fáànù.

Ó gbé e lọ bá Ọ̀gá Àgbà, obìnrin gíga kan tó máa ń fi okùn kọ́ awò ojú rẹ̀ sọ́rùn. Kò ní kó jókòó.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, mà. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn."

"Kí ni nǹkan náà?"

"Bọ́tìnnì kì í sọ ìdí, mà. Ó kàn ń sọ pé ó wà ni."

Ọ̀gá Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Bí aláìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn bá ju ẹnì kan lọ nínú ogún, wọ́n á ti ilé yìí pa kí wọ́n tó wádìí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò ní sí ìdánwò àṣejáde. Kò ní sí ìwé ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni." Ó wo ojú rẹ̀. "Kíláàsì fìríìjì ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ ni àbúrò rẹ wà."

"Ta ló sọ fún yín pé mo ní àbúrò níbẹ̀?"

"Ìyá Ìmọ̀ràn kì í fi nǹkan pa mọ́ fún mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ilẹ̀kùn bá ṣí fúnra rẹ̀ lójú yín, ṣé ẹ ò ní wo ẹ̀yìn rẹ̀? Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìtumọ̀ àdììtú rí ìdáhùn kedere ní iwájú rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń rò ni ìwé ẹ̀rí àbúrò rẹ̀.

Bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, Ìyá Ìmọ̀ràn wọlé. Bàtà rẹ̀ kì í dún. Obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí èèyàn á rí tí á fẹ́ sunkún sí léjìká.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé bọ́tìnnì ń bá mi ṣọ̀tá."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, mà."

"Mi ò bínú. Ẹni tó ń tún ilé tó wó ṣe, eruku á dà lé e lórí dandan." Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ara wọn. "Ilé àwọn èèyàn ni mò ń tún ṣe. Ọkọ kan sunkún sí mi létí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá bí ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin tó bá lè sunkún bẹ́ẹ̀, ó ti ronú pìwà dà nìyẹn."

"Ọkọ ta ni, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ yàrá ìmọ̀ràn nìyẹn. Ṣé ìwọ náà kì í pa àṣírí mọ́ ni?"

Ìbéèrè kejì dé ẹnu Oníṣirò. Ó gbé e mì.

Nígbà tí ó fẹ́ jáde, Ọ̀gá Àgbà pè é padà. "Mi ò ní kí o yọ bọ́tìnnì kankan o. Èmi kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń bi ọ́ ni: ṣé ó dá ọ lójú pé ìpín tí o fún dáìsì yẹn tó?"

Ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó jókòó ti bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí: kò kọ́kọ́ dà bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dà bí àdììtú. Kí ni ohun tó kéré jù lọ tí èèyàn lè yí padà, tí gbogbo rẹ̀ á fi yí, tí ohunkóhun kò sì ní yẹ̀ ní ipò rẹ̀?

Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Kò fọwọ́ kan iye wọn. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì là.

Òfin dáìsì ni.

Nínú àbọ̀ ìwádìí tí yóò kọ, níbi tó ti yẹ kó sọ pé ẹni tí dáìsì bá gbé oókan fún ni yóò ju bọ́tìnnì dúdú, bó bá sọ pé oókan tàbí eéjì, ìpín dáìsì á di ìlọ́po méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á di ọgbọ̀n. Nínú bọ́tìnnì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́ta péré ló máa ṣẹ́ kù fún ọgọ́ta èèyàn. Ẹnì kan nínú ogún. Ó ṣe rẹ́gí bí ìdérí ìkòkò.

Kí Ọlọ́run dárí jì í, inú rẹ̀ dùn. Ẹwà ìṣirò náà ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló wá rí àwọn èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fẹ́ pa lẹ́nu mọ́, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí èyí tí òun mọ orúkọ rẹ̀ nínú wọn. Ó kọ ọ́: "tàbí eéjì." Ọ̀rọ̀ méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àbúrò rẹ̀ wá sílé. Kò jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló wà, kò sì bọ́ bàtà.

"Bùọ̀dá mi, fóònù kan ń pè mí. Bí mo bá gbé e, kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń mí."

"Ta lo fún ní nọ́ńbà rẹ?"

"Èmi ni mo yẹ kí n bi yín."

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni."

"Mọ́tò aláwọ̀ eérú kan tún dúró sí ìsàlẹ̀ òpópónà wa lánàá. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn ń wo òkè."

Ó fẹ́ fi í lọ́kàn balẹ̀. "Mọ́tò aláwọ̀ eérú pọ̀ nílùú yìí."

"Ẹ ti kà wọ́n ni?" Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń ṣe ni, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ fa okùn báàgì rẹ̀. "Ìwádìí yẹn, ìgbà wo ló máa jáde? Àwọn obìnrin ń retí ẹ̀. Wọ́n ní bó bá jáde, wọ́n á yọ ìyá yẹn kúrò kó tó ba ti ẹlòmíì jẹ́. Bùọ̀dá mi, yàrá ìmọ̀ràn yẹn, èmi náà..."

Oníṣirò gbé ọwọ́ sókè.

"Má sọ ọ́ fún mi. Mi ò gbọdọ̀ mọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Mo búra fún gbogbo yín."

Àbúrò gbé okùn báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ ti búra."

Ìbúra tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ló tún ń kó jọ bí àpáàdì, tó sì fi ń dí ẹnu ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo bó ṣe ń lọ. Kó tó kọjá kọ̀rọ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Ó tún bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ àwọn alábẹ̀wò pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, ó mọ́ tónítóní. Ìyá Ìmọ̀ràn wà lórí àga iwájú pẹ̀lú Ọ̀gá Àgbà. Àwọn alábẹ̀wò jẹ́ mẹ́ta, ọkùnrin méjì tó ń sọ̀rọ̀ ṣáá àti ìyá àgbàlagbà kan tí kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀.

Oníṣirò wo ìlà kejì. Àga àbúrò rẹ̀ ṣófo. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ọkọ̀ ló jẹ́ kó pẹ́.

Ọ̀gá Àgbà ka àbájáde. Nínú ogún èèyàn, mọ́kàndínlógún ni ìmọ̀ràn tẹ́ lọ́rùn. Àwọn ọkùnrin méjì náà pàtẹ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo ara wọn.

Ibẹ̀ ni ì bá tán sí. Àmọ́ ọgbọ́n náà wu Ọ̀gá Àgbà, ó sì fẹ́ fi í yangàn. Ó gbé dáìsì sókè.

"Ẹ wo bí òṣìṣẹ́ wa ṣe gbọ́n tó. Kí ẹ̀rù má baà ba ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n da dáìsì yìí. Ẹni tó bá gbé oókan tàbí eéjì fún, bọ́tìnnì dúdú ni yóò jù, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. A wá yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò."

Ohùn Alásọjù dún láàárín gbọ̀ngàn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, oókan nìkan ni."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Oókan tàbí eéjì, ọ̀rẹ́ mi. Ó wà nínú àbọ̀ ìwádìí."

"Eéjì ló gbé fún èmi," ni Alásọjù wí. "Mo dá a dúró, mo wò ó dáadáa. Wọn ò sọ eéjì fún wa. Àbí irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin tèmi?"

"Oókan ni," ẹnì kan wí.

"Oókan ṣoṣo."

"Oókan ni wọ́n wí." Ọ̀rọ̀ náà ń kọjá láti ìlà dé ìlà, kò sí ẹni tó pariwo nínú wọn.

Òǹkàwé mi, ó ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Ó ti ro bọ́tìnnì, ó ti ro ìpín, ó ti ro bí nọ́ńbà ṣe máa rí lójú àlejò. Ohun tí kò wá sí i lọ́kàn rárá ni pé èèyàn àádọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ òfin. Lójú rẹ̀, wọ́n ti di bọ́tìnnì láti ọjọ́ tó ti kà wọ́n.

Ìyá alábẹ̀wò tó dákẹ́ láti àárọ̀ bọ́ síwájú. "Ẹni tí wọ́n bá sọ oókan nìkan fún, kó nawọ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn nawọ́.

Ó yíjú sí Oníṣirò. "Ọmọ mi, èwo ni?"

Ó wo ọwọ́ tó kún òkè gbọ̀ngàn, àga tó ṣófo náà sì tún wọ̀ ọ́ lójú.

"Oókan ni, mà."

"Ta wá ló kọ eéjì?"

"Èmi ni."

Kò sí ẹni tó bú u. Ìyẹn ló burú jù. Aránṣọ tó ní kó búra lọ́jọ́ yẹn kàn dìde, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá alábẹ̀wò ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo sọ fún Ìyá Ìmọ̀ràn pé mo ti ṣe ẹ̀wọ̀n rí. Nínú yàrá ni mo ti sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà mí sí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyẹn."

Obìnrin mìíràn dìde. "Ó pe bàbá mi fún mi. Mo ní kó má pè é."

"Ìlàjà ni mo ṣe," Ìyá Ìmọ̀ràn wí jẹ́jẹ́. "Ẹbí kì í ya."

Ẹbí. Fóònù tó ń mí. Mọ́tò tó ń wo òkè. Ọkọ tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ to ara rẹ̀ lórí Oníṣirò láìjẹ́ pé ó tò ó, ó sì rí i pé ìdáhùn náà ti wà lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ tó ti gbé ìbéèrè kejì mì.

Ó rìn lọ bá Ìyá Ìmọ̀ràn. "Ọkọ ta ló sunkún sí yín?"

"Ọmọ mi, fara balẹ̀."

"Ọkọ ta ni?"

"Àbúrò rẹ kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí fóònù," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ibi tó ń gbé fún mi. Mo ní kí ọkọ ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé láàárọ̀ yìí, kó tó jáde."

Ó sáré. Kò rántí bó ṣe la ìlú náà já. Ohun tó rántí ni ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé tó ń dún gbàmù gbàmù bí ẹni pé kò sí nǹkan, àti àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí tàdáwà kún ọwọ́ wọn, tí wọ́n dúró síta. Mẹ́ta nínú wọn jókòó lé ọkùnrin kan lórí nílẹ̀. Mọ́tò aláwọ̀ eérú ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àbúrò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti òkè ni ọkọ náà ti tì í. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yà sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yà sí. Aṣọ iṣẹ́ kíláàsì fìríìjì ló wọ̀, ó ti lọ̀ ọ́.

Kò sunkún. Ó kàn ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní yóò rìn, àmọ́ kò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Oníṣirò jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bọ́tìnnì dé orí ọ̀rọ̀ méjì náà. Ó ní nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni òun ṣe ṣe é.

Àbúrò fetí sí i dópin.

"Nígbà tí mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì yẹn," ló wí, "mo ti sọ ilé mi fún Ìyá Ìmọ̀ràn ná. Ẹkún ló gbọ́n ọn jáde lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ohun tó ṣe fún àwọn tó kù. Mo wá ní ọpẹ́lọpẹ́ bùọ̀dá mi. Bí wọ́n bá ti ka bọ́tìnnì, wọ́n á dá a dúró kó tó pe ọkọ mi."

Oníṣirò ń fọwọ́ ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹẹ́rin ló gbé fún mi," àbúrò rẹ̀ wí. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Dáìsì kọ́ ló sọ̀rọ̀. Èmi ni."

Wọ́n lé Ìyá Ìmọ̀ràn lọ, Ọ̀gá Àgbà náà fi ipò sílẹ̀. Ọkọ náà wà lẹ́wọ̀n, kò sì ní pẹ́ jáde. Àwọn alábẹ̀wò kò ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Ìyá alábẹ̀wò sọ fún Oníṣirò pé àwọn kì í ti ilé tó bá sọ àrùn rẹ̀ pa, èyí tó bá fi í pa mọ́ ni àwọn ń tì. Gbogbo ohun tó torí ẹ̀ purọ́, kò sí níbẹ̀ rí. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé e.

Nígbà tí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ jiná débi tó lè jiná dé, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Kò sọ ìlú tó ń lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bínú, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti ka iye ẹni tó yẹ kó mọ ilé òun, iye náà sì jẹ́ ẹnì kan.

Ó máa ń pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í hàn. Ọjọ́ tí mo lọ bá Oníṣirò fún ìtàn yìí, fóònù náà dún lójú mi.

"Ṣé ẹsẹ̀ kò dùn ọ́ mọ́?" ló bi í.

Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà. "A dúpẹ́."

"Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀ níbẹ̀? Ṣé ò ń rí oorun sùn?"

"A dúpẹ́, bùọ̀dá mi."

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ le á sọ ọ́, ẹni tó ń kú lọ á sọ ọ́. Mo wo ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń yọ irọ́ kúrò lára òótọ́, tó jókòó pẹ̀lú fóònù létí rẹ̀, tó ń wá ìpín tí òun lè yọ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kí òótọ́ àbúrò rẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún un. Ẹnu rẹ̀ ṣí láti tún béèrè. Àbúrò rẹ̀ ti gbé fóònù sílẹ̀.